Ìwádìí nípa ìwà àti ìṣesí òṣìṣẹ́ ní ibi iṣẹ́

Ìwádìí nípa ìwà àti ìṣesí òṣìṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wo ohun tí ó ń mú kí òṣìṣẹ́ hùwà tí ó tọ́ tàbí èyí tí kò tọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lára ohun tí ó ń yẹ̀ wò ni pípẹ́ dé ibi iṣẹ́, gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kíkó ohun èlò iṣẹ́ lọ sílé, àti ní ìdà kejì, ṣíṣe ju ohun tí a gbani fún lọ láìgba owó kún owó. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, nípa àwùjọ, nípa ìṣàkóso àti nípa ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe é. Ní ìlú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a ń kọ́ ìmọ̀ àwùjọ àti ìṣàkóso ní Yunifásítì Bowen, tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà dá sílẹ̀, tí ó sì gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2001. Ìpínlẹ̀ náà tún jẹ́ ibi tí ìbéèrè yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti ọdún 2015 títí di ọdún 2018.

Iṣẹ́ àti ìwà láyé àtijọ́

Ṣáájú kí iṣẹ́ olówó oṣù tó dé, a kì í ya iṣẹ́ àti ìwà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nathaniel Akinremi Fadipe, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní ọdún 1939, ṣe àkọsílẹ̀ gbòòrò nípa ìgbésí ayé náà. Ó kú ní ọdún 1944, ìwé rẹ̀, The Sociology of the Yoruba, kò sì jáde títí di ọdún 1970. Nínú àárò, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ ara wọn a máa ṣiṣẹ́ lóko ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹni tí ó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ẹlòmíràn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe lóko òun náà. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ ni yóò pèsè oúnjẹ. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí èlé owó tí a yá. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí ti ahunṣọ ń gbé nílé ọ̀gá rẹ̀, bí ó bá sì jalè, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ẹjọ́ ń kọ́kọ́ wá. A kò nílò ẹni tí yóò máa kọ orúkọ àwọn tí ó pẹ́ dé: ojú tí ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ ni ojú àwọn tí yóò bá a gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà tí ó tẹ̀ lé e tún yẹ ìpìlẹ̀ ìwà yìí wò. Ní ọdún 1975, Wándé Abímbọ́lá kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá. Ní ọdún 1991, Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àti ìwà nínú ìwé rẹ̀ nípa ìmọ̀ ọgbọ́n-orí Yorùbá. Ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni ìdí tí ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọmọlúàbí fi lè di ẹlòmíràn bí ó bá ti wọ ọ́fíìsì.

Àwùjọ méjì

Ìdáhùn tí ó gbajúmọ̀ jù sí ìbéèrè náà ni ti Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 1975, ó ní ìjọba amúnisìn sọ ọmọ Áfíríkà di ọmọ àwùjọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni ti ẹbí, ìlú àti ẹ̀yà, níbi tí ojúṣe àti ìtìjú ti ń de ènìyàn. Èkejì ni ti ìjọba, pẹ̀lú ọ́fíìsì, ọlọ́pàá àti ológun rẹ̀, tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀, tí àwọn ènìyàn kò sì so ìwà mọ́. Akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí kò jẹ́ fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ lè mú owó ìjọba láìfòyà, bí ó bá sì fi lára rẹ̀ ṣe oore nílé, wọn a yìn ín. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹni, bá àlàyé yìí mu rẹ́gí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbé ẹ̀bi púpọ̀ lé ìtàn lórí, ó sì gbé díẹ̀ lé ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ lónìí lórí.

Ìjìyà àti òfin

Ìjọba ológun gbà pé ìjìyà ni oògùn. Ní ọdún 1975 kan náà, ìjọba Murtala Muhammed lé òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgbọ́ tẹnu wọn. Àwọn kan tí ó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ìjọba gbà pé láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ kò ti fọkàn tán iṣẹ́ náà mọ́ pé yóò gbé òun dé ọjọ́ ogbó, tí kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti ara rẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ogun lórí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń mú àwọn tí ó pẹ́ dé ọ́fíìsì fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ìlànà ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú àfikún karùn-ún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Kò gba òṣìṣẹ́ láàyè láti gba ẹ̀bùn nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ti ìbátan tàbí ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà bá fọwọ́ sí. Níbí ni iṣẹ́ olùwádìí ti ń le, nítorí òfin kò sọ ibi tí àṣà parí sí. Ìlànà kan náà kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba alákòókò kíkún láàyè láti ṣòwò ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn ìṣesí

Ní ọdún 1995, Sandra Robinson àti Rebecca Bennett pín ìwà tí kò tọ́ lẹ́nu iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tí ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, irú bíi kíkúrò ṣáájú àkókò, èyí tí ó kan dúkìá, irú bí olè, ojúsàájú àti òfófó, àti ìkọlù sí ẹlòmíràn. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí ó ní ìbéèrè 19. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n ẹnu òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ti ń wá, kò sì wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun jalè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó tún ku bí a ó ṣe bi í: ohun tí ìwé pè ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó gbà á lè kà á sí ọpẹ́ lásán.

Jerald Greenberg gba ọ̀nà mìíràn ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí tí ó gbé jáde ní ọdún 1990, ó wo ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ ìdarí kan náà. Wọ́n gé owó òṣìṣẹ́ méjì nínú wọn sílẹ̀ ní ìdá 15 nínú 100 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọn kò sì fọwọ́ kan ti ẹ̀kẹta. Ní ibì kan, ọ̀gá jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́, ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kúnnákúnná, ó sì bá wọn kẹ́dùn. Ní ibì kejì, ọ̀rọ̀ ṣókí ni wọ́n gbọ́. Olè jíjà pọ̀ sí i níbi méjèèjì tí a ti gé owó, ṣùgbọ́n níbi tí a kò ti ṣàlàyé ni ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí owó padà bọ̀ sípò, olè náà rọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni, ìwà wọn kò sì dúró sójú kan.

Owó oṣù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ni kò lè san owó oṣù mọ́. Ọ̀ṣun wà lára àwọn tí ó le fún jù, ó sì ti jẹ gbèsè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ti lo ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ètò tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí àwọn tí ó wà ní ìpele 1 sí 7 gba owó wọn pé, kí àwọn ti ìpele 8 sí 10 gba ìdá 75 nínú 100, kí àwọn ti ìpele 12 sókè sì gba ìdajì. Báyìí ni ó rí títí di ọdún 2018.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn adájọ́ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Folahanmi Oloyede, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà, kọ̀wé ẹ̀sùn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n yọ gómìnà nítorí owó oṣù tí a kò san. Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn adájọ́ dábàá pé kí a fi tipá fẹ̀yìn rẹ̀ tì, nítorí ìwà náà kò bá ipò adájọ́ mu. Àwọn kan rí i bí ẹni tí ó sọ òtítọ́ fún alágbára. Àwọn mìíràn ní ẹni tí yóò dá ẹjọ́ kò gbọdọ̀ wọ ìjà òṣèlú.

Olùkọ́ tí a ń san ìdajì owó oṣù fún, tí ó sì ń kúrò ní ilé-ìwé ní agogo méjìlá láti lọ sí oko, ń ṣe iṣẹ́ kan tí ìwé òfin yọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ní wákàtí tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ìpínsọ́nà Robinson àti Bennett, orúkọ kan náà ni òun àti ọ̀lẹ tí ó gba owó rẹ̀ pé, tí ó sì lọ sùn, yóò jẹ́.