Ilé Claude Monet ní Giverny: Ọgbà tí àwọn ará abúlé kọ́kọ́ takò

Abúlé kékeré kan ni Giverny, ní agbègbè Normandy lórílẹ̀-èdè Faransé, kò sì ju bíi kìlómítà 75 lọ sí ìlú Paris. Ibẹ̀ ni gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, Claude Monet, tí wọ́n bí lọ́dún 1840, fi ṣe ibùgbé fún ọdún 43. Lọ́dún 1883 ló gba ilé náà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ròkè lọ́dún 1890, ó rà á pátápátá ní 22,000 fránkì. Abà tó wà lára ilé náà ló kọ́kọ́ sọ di yàrá iṣẹ́.

Lọ́dún 1893, Monet ra ilẹ̀ mìíràn lódìkejì ojú irin, ó sì fẹ́ la omi wọ ibẹ̀ láti ara ẹ̀ka odò Epte, kó lè gbin òṣíbàtà. Àwọn ará abúlé fárígá. Wọ́n ní ewéko àjèjì lè ba omi àwọn jẹ́, kó sì pa ẹran ọ̀sìn àwọn. Monet kọ̀wé sí aláṣẹ ìjọba lágbègbè náà pé fún ìgbádùn ojú àti fún àwòrán yíyà lòun ṣe fẹ́ ẹ. Nínú oṣù Keje ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí i.

Adágún yìí, pẹ̀lú afárá onígi tí wọ́n ṣe lọ́nà ti àwọn ará Japan, ni Monet ń yà títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwòrán òṣíbàtà tó yà tó bíi 250. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá fún àwọn tó tóbi jù nínú wọn. Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ nígbà náà, síbẹ̀ kò sinmi. Ọdún 1923 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ó fi àwọn àwòrán ńlá náà ta orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́rẹ, wọ́n sì ṣí wọn fáráyé wò ní Orangerie, ní Paris, lọ́dún 1927. Monet kò fojú rí ọjọ́ náà, nítorí ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1926 ló jáde láyé.

Bí kò bá sí olùtọ́jú, ilé a di ahoro. Lẹ́yìn tí Blanche, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kú lọ́dún 1947, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọgbà náà, òpó àti àjà sì ń jẹrà. Nígbà tí Michel, ọmọ Monet, kú lọ́dún 1966, ó fi ilé náà sílẹ̀ fún Académie des Beaux-Arts. Lọ́dún 1977, Gérald Van der Kemp gba àtúnṣe rẹ̀ mọ́ra, àwọn ọlọ́rẹ láti Amẹ́ríkà sì dá ọ̀pọ̀ owó sí i. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i fún aráàlú. Lónìí, ó ju ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ tí í wá síbẹ̀ lọ́dún kan, láàárín oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, láti wo omi tí àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rù rẹ̀.