Nígbà Tí Onílù Bá Sọ Tẹnu Rẹ̀: Tony Allen, Ginger Baker àti Ilẹ̀ Ìkẹjà

Nínú gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun nílẹ̀ Yorùbá, èmi kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tó onílù, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń sọ ní gbogbo ìgbà. Ọmọ Àyàn, ọmọ Àgalú asọ̀rọ̀-igi, òun ni í jí ọba lójú oorun, òun ni í ka ìran baba ìyàwó sí i létí lọ́jọ́ tí ó ń relé ọkọ, òun ni í júwe fún eégún ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí, òun náà ni í sì rántí oríkì tí ọ̀tọ̀kùlú fúnra rẹ̀ ti gbàgbé; ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí agbo bá tú, tí onílù sì gbé ìlù rẹ̀ kọ́ apá, ta ni í bi í léèrè bí ọjọ́ rẹ̀ ti rí, iye tí wọ́n san fún un, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn ọ̀gá tí gbogbo ayé ń hó fún?

Ìdí nìyí tí ìwé tí Tony Ọládipọ̀ Allen, onílù Afrobeat, kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ fi jẹ́ ohun tí kò yẹ kí a fojú kéré. Òun àti Michael Veal, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa orin ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ kọ ọ́, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Duke sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ti lo ọdún 16 nínú ibojì. Àríyànjiyàn tí ìwé náà dá sílẹ̀ láàrin àwọn tí ó kà á fi yé mi pé a kò tíì mọ bí a ti ń gbọ́ ohùn onílù nígbà tí ó bá ń sọ tara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá sí àríyànjiyàn náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti hù.

Agége àti Ìkẹjà, ilẹ̀ Àwórì ọmọ Ọlọ́fin, oko ni wọ́n kí wọ́n tó di ìlú ẹ̀rọ. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ni ó kọ́kọ́ mi ilẹ̀ náà jí. Ẹ̀bá irin yìí ni àwọn ọmọ Èkó bíi J. K. Coker ti gbin kòkó àti obì, tí obì Agége fi di ohun tí wọ́n ń dì ní agbọ̀n-agbọ̀n lọ sí ilẹ̀ Hausa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dé orí àléfà, tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ya ilẹ̀ gbalasa sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Títì tí ó la àárín wọn kọjá ni a ń pè ní Ọba Akran títí di òní, ní ìrántí Ọba Badagry tí ó ṣe mínísítà nínú ìjọba náà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962, kò sì pẹ́ tí Dunlop fi ń rọ táyà níbẹ̀. Lójú kan náà ni ọ̀dọ́ láti Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀gbá, láti Ọ̀ṣun àti láti òkè odò ń rọ́ wọlé, tí wọ́n ń háyà yàrá kọ̀ọ̀kan ní Muṣin, Oṣòdì àti Agége, tí Agége Motor Road, tí òun àti irin jọ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, sì di ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ àti ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sí ibi ijó ní alẹ́ ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Orí ọ̀nà yìí gan-an, ní ojúlé 14, ní Idi-Ọ̀rọ̀, ni Fẹlá gbé pe ilé rẹ̀ ní Kalákútà. Hòtẹ́ẹ̀lì Empire tí ó sọ di Ṣíráìnì, ibi ijó rẹ̀, kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé orin Afrobeat kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀rọ wọ̀nyí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún inú rò: owó tí òṣìṣẹ́ gbà ní ẹnu géètì ni ó san owó ìwọlé.

Láàrin ilé ẹ̀rọ wọ̀nyí ni onílù rọ́ọ̀kì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ginger Baker ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí òun àti Eric Clapton àti Jack Bruce jọ dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀ ní 1966, tí wọ́n sì tú u ká ní 1968. Òun àti Fẹlá ti jọ gba orin sílẹ̀ ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1971. Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, Baker wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá títí ó fi dé Èkó, Tony Palmer sì ń ya fíìmù ìrìn àjò náà. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà, ó pè é ní ARC, ó sì ṣí i ní ìparí oṣù kìíní 1973, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó lè gba ohùn 16 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ilé náà tó parí, ó ti bá àwọn ọ̀dọ́ wa ṣeré nínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Salt: Berkley Jones àti Laolu Akins wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n padà di BLO pẹ̀lú Mike Odumosu, àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, sì bá a dé Munich ní Jámánì ní 1972, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì.

Ní 1973 yìí kan náà ni Paul McCartney, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó láti ṣe àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Band on the Run. Ilé EMI ní Àpápá ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó yọjú sí Ìkẹjà láti gba orin kan ṣoṣo sílẹ̀, Picasso's Last Words. Nínú orin náà, ìwọ yóò gbọ́ ohun kan tí ń dún ṣákáṣákà: agolo ni, tí Baker bu òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí ó sì ń mì jìgìjìgì. Òkúta tí gbogbo ayé gbọ́ nínú àwo náà, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti bù ú! Àkókò yìí ni Fẹlá lọ bá McCartney, tí ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó lọ, tí McCartney sì ní láti lu orin rẹ̀ fún un gbọ́ kí ó tó gbà pé kò jí ohun kan. Kò dára kí a máa fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, nítorí ìbẹ̀rù tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. A ti rí ohun tí wọ́n kó lọ lọ́wọ́ wa rí.

Baker kọ ìwé tirẹ̀, Hellraiser, ní 2009, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ Ginette. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìjà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìlù lọ, pé oògùn olóró àti ẹṣin gba ojú ìwé tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Mo gbà pé òtítọ́ ni. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ìkẹjà ọdún wọnnì kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù, nítorí ó jẹ́ kí a rí bí òyìnbó kan ṣe nífẹ̀ẹ́ ìlù wa tọkàntọkàn, tí ó tún wá ń bá àwọn ọ̀tọ̀kùlú gbá bọ́ọ̀lù orí ẹṣin, tí ìyẹn sì ya òun àti Fẹlá sọ́tọ̀. Nígbà tí ó fi máa kúrò ní Nàìjíríà ní 1976, iṣẹ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tony Allen ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1940. Kì í ṣe ọmọ Àyàn: mẹkáníìkì ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé ará Gánà, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù. Ọ̀dọ̀ Victor Ọláìyá ni ó ti wọ inú ẹgbẹ́ hailáìfù, igi méjì péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún un láti máa kàn mọ́ra, kí ààyè tó ṣí sílẹ̀ nídìí ìlù. Ní 1964 ni Fẹlá dán an wò. Ohun tí Fẹlá gbọ́ lọ́jọ́ náà ni ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lónìí bí ó bá fara balẹ̀. Páànù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù òyìnbó, tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Àwọn onílù ìgbà náà ní Èkó kò kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n Tony ka ẹ̀kọ́ tí Max Roach, onílù jáàsì, kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ó sì fi kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ń dá ọ̀rọ̀ tiwọn sọ láìforígbárí, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù, omele, gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ṣe ń ṣe lójú agbo, àfi pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó jókòó síbẹ̀. Kì í sì í lù ú kíkan-kíkan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Fẹlá a máa kọ ohun tí fèrè yóò sọ àti ohun tí gìtá yóò sọ, ṣùgbọ́n ó fi ìlù sílẹ̀ fún Tony. Àwo tí wọ́n jọ ṣe lé ní 30.

Nínú ìwé rẹ̀, Tony ní owó iṣẹ́ lásán ni òun gbà, pé òun kò ní ìpín nínú ohun tí àwo ń mú wọlé, pé èrò tí ń tẹ̀lé ọ̀gá sì ń pọ̀ sí i ju àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya: lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Berlin ní 1978, òun àti àwọn mìíràn fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ibí yìí ni àwọn òǹkàwé pín sí. Àwọn kan sọ pé kò tọ́ kí a máa ka owó sí òkú lọ́rùn, pé ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ gbà sílẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń bá rojọ́, pé bí kò bá sí Fẹlá Abàmì Ẹ̀dá, ta ni ìbá mọ Tony? Àwọn olólùfẹ́ ìlù ní tiwọn ń kùn pé ọ̀rọ̀ owó gba àyè ọ̀rọ̀ ìlù, pé àwọn ìbá fẹ́ kí ó túbọ̀ ṣí àṣírí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ payá. Àwọn mìíràn sì wà, pàápàá àwọn tí ó ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀rọ, tí kò rí ìyàlẹ́nu kankan nínú ìwé náà. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìkẹyìn yìí ni èmi wà. Ẹgbẹ́ olórin jẹ́ ibi iṣẹ́. Ó ní ọ̀gá, ó ní àkókò ìwọlé, ó ní owó tí ń pẹ́, ó sì ní àárẹ̀ ara. Kí òṣìṣẹ́ sọ iye tí wọ́n san fún un kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ó yẹ kí a rántí pé ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977 ni àwọn sójà jó Kalákútà, tí wọ́n na ọ̀gá náà ní ànà-lu-bolẹ̀, tí wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, ìyà tí ìyá àgbà náà fi kú ní ọdún kejì. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bá jẹun, tí ìjọba sì jó ilé mọ́ lórí, kì í ṣe ọlọ́jà tí ó jókòó ti àpótí owó. Tony fúnra rẹ̀ kò sẹ́ ẹ̀bùn Fẹlá, èyí ni ó sì jẹ́ kí n gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Ohun tí ó dùn mí ni pé Tony ti lọ kí Fẹlá tó fìdí kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Òpópónà Pepple ni Ṣíráìnì bọ́ sí lẹ́yìn náà, òpópónà Gbémisọ́lá ni ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin Abàmì Ẹ̀dá sí ní oṣù kẹjọ 1997, tí èrò tò láti Erékùṣù Èkó dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ilé yẹn ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 2012, Ṣíráìnì tuntun sì wà ní Agídíngbí láti 2000. Tony kú sí Paris ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti sé gbogbo ọ̀nà mọ́ ènìyàn.

Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajído lẹ́bàá Badagry, tí ó gbé ìlù wa dé Amẹ́ríkà, náà fi ìwé ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, The Beat of My Drum, tí ó jáde ní 2005 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n. Àwọn onílù àpàlà, sákárà àti fújì tí ó dá wa lára yá láti Muṣin títí dé Agége ńkọ́? Adéwọlé Oníluọlá tí ó lu ìlù fún Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, a mọ̀ ọ́n nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ pè é nínú orin. Àìmọye ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò pè. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè ní ẹ̀yìn irin Agége, ní Ìfàkò, ní Orílé, tí wọ́n jókòó sí iwájú ilé ọmọ wọn. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, ọdún tí wọ́n wọ̀ ọ́, àwo tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, àti iye tí wọ́n gbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.