Ẹrù Ẹni tí Ó Ti Tokyo Dé

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí onílé yóò dì sínú ẹrù rẹ̀ nígbà tí ó bá ń bọ̀. Nígbà tí mo ń lọ sí Tokyo, olú-ìlú Jàpáànù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ń ta aṣọ ní Gbági, fi owó lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi jẹun lọ́nà. Àbúrò bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó ní kí n ra nǹkan bọ̀ fún òun. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé ẹni tí a fún lówó lọ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi wọ ọjà Tokyo, ibẹ̀ ni mo sì ti bá ìtàn pàdé.

Àdúgbò Nihonbashi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1603, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Edo, tí Tokugawa Ieyasu fi í ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe afárá tí àdúgbò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti orí afárá yìí ni wọ́n ti ń ka ọ̀nà ńlá márùn-ún tí ó jáde láti Edo lọ sí ìgbèríko. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí wọ́n fi ń di ẹrù, èyí tí wọ́n ń pè ní furoshiki, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Mo dá ìdajì iye rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ń tajà tẹríba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka tọ́ka sí iye tí a kọ sára aṣọ náà. Mo fi díẹ̀ lé e. Ó tún tẹríba, ó tún tọ́ka síbẹ̀. Ojú tì mí, mo sì san owó náà pé.

Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé ohun tí ó dójú tì mí yìí ti lé ní 350 ọdún. Láyé ìgbà náà, àwọn alásọ ńlá Edo a máa gbé ọjà lọ sí ilé àwọn ọlọ́lá. Awìn ni wọ́n ń tà, ó sì di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kí owó tó wọlé. Nítorí náà wọ́n a bu owó gọbọi lé ọjà. Ní ọdún 1673, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mitsui Takatoshi ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí ó pè ní Echigoya. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: kí oníbàárà san owó lójú ẹsẹ̀, kí iye ọjà sì jẹ́ ọ̀kan náà fún olówó àti mẹ̀kúnnù. Bí ènìyàn kò bá lè ra odidi ìdì aṣọ, Mitsui a gé ìwọ̀n tí ó fẹ́ fún un. Inú àwọn alásọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ru, wọ́n sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí màbo. Lẹ́yìn tí iná ńlá kan jó ìlú náà, ó kó lọ sí Surugachō ní ọdún 1683, ibẹ̀ ni òwò rẹ̀ ti gbèrú. Echigoya yìí ni ó di Mitsukoshi, ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Nihonbashi títí di òní. Kìnnìún idẹ méjì tí wọ́n gbé sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 1914 ṣì wà níbẹ̀.

Èmi kò sọ pé àánú ni ó mú Mitsui ṣe é. Ẹni tí ó gba owó lójú ẹsẹ̀ kò ní gbèsè tí yóò máa sin kiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo àǹfààní rẹ̀ fún àlejò: èmi tí n kò gbọ́ èdè wọn, iye tí ọmọ onílé san ni mo san.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí Asakusa, níbi tí tẹ́ńpìlì Sensō-ji wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ní apẹja méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fi àwọ̀n gbé ère Kannon jáde láti inú odò Sumida ní ọdún 628. Ọ̀nà tí ó lọ sí tẹ́ńpìlì náà ni ọjà Nakamise. Kò gùn ju nǹkan bí 250 mítà lọ, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ibẹ̀ tó 90. Àwọn ará àdúgbò tí ń gbá àyíká tẹ́ńpìlì ni wọ́n kọ́kọ́ fún láyè láti pàtẹ níbẹ̀. Ní ọdún 1885 wọ́n fi bíríkì tún ìsọ̀ náà kọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ wó wọn ní 1923. Wọ́n tún wọn kọ́ ní 1925. Bọ́ǹbù ogun sì tún dá iná sí wọn ní 1945. Wọ́n tún tún wọn ṣe. Abẹ̀bẹ̀, aṣọ ìnuwọ́, àti ìrẹsì tí wọ́n yan bí gúgúrú tí wọ́n fi ṣúgà pò, ni mo bá níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ohun fífúyẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò Edo fi ń rìn relé. Nítorí náà, ewéko òkun tí wọ́n sá pelebe bí bébà, àti àwòrán tí wọ́n fi pátákó gbígbẹ́ tẹ̀, ni wọ́n ń rà. Omiyage ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn àjò. Àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ túmọ̀ sí ohun tí ilẹ̀ kan mú jáde. Láyé ìgbà náà, àwọn ará abúlé a máa dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ kan tí ó fara jọ èsúsù wa, kí wọ́n lè rán ènìyàn lọ sí ojúbọ Ise. Wọ́n a ṣẹ́ kèké. Ẹni tí kèké bá mú ni yóò lọ ní orúkọ gbogbo wọn. Ó di dandan kí ó mú nǹkan bọ̀, kí olúkúlùkù lè rí ìpín nínú ìbùkún ọ̀nà náà. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún owó tí à ń fún ẹni tí ń ràjò: senbetsu. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí owó tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún mi, ẹ̀rín sì pa mí. Títí di òní, àpótí àkàrà dídùn ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀bùn tí wọ́n ń tà ní Tokyo, wọ́n a sì máa wé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ó lè rọrùn láti pín.

Kì í ṣe pé ìnájà kú tán níbẹ̀. Ní Ameyoko, lẹ́bàá ojú irin Ueno, níbi tí ọjà fàyàwọ́ ti hù lẹ́yìn ogun 1945, wọ́n ṣì ń polówó kíkankíkan, wọ́n sì máa ń dín owó nígbà mìíràn. Mo ná ọjà níbẹ̀, ara sì tù mí.

Mo kó ẹrù mi délé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tú aṣọ náà, ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Èló ni wọ́n pè é?” Mo sọ fún un. “Èló lo wá rà á?”

“Iye kan náà ni, Mà.”

Ó wò mí títí. “Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.”

Mo jókòó, mo sọ ìtàn Mitsui fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì gbà pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí pé: “Bí ẹnìkan kò bá ná ọjà lọ́wọ́ mi, báwo ni n ó ṣe mọ orúkọ rẹ̀?”

N kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè náà ni mo gbé wá síwájú yín.