Àmì Abẹ́ Dé Ojú Linux

Lọ́dún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Erékùṣù Èkó, wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Àmì abẹ́ ẹ, ọ, ṣ wà nínú rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí íǹṣì kan kì í sábà ju pixel 96 lọ, àmì yẹn lè pòórá. Ẹ̀yin ará, ọkọ́ tí kò ní àmì abẹ́, ẹ má kà á sókè níwájú ìyá yín o! Ojú kọ̀ǹpútà olówó ńlá bíi 4K tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lórí Linux, ọ̀fẹ́ tí àpò akẹ́kọ̀ọ́ ká, lẹ́tà wá kéré bí èèrà, torí X11 ti 1987 kò ro tirẹ̀. Ní 2013, GNOME 3.10 sọ wọ́n di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po kan ààbọ̀ ló le jù: 2022 ni Wayland, arọ́pò X11, tó ní ìlànà fún un.