Falaj: Bí Àwọn Mùsùlùmí Ómánì Ṣe Ń Pín Omi Nínú Aṣálẹ̀

Ní igun gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá ni orílẹ̀-èdè Ómánì wà. Kò ní odò ńlá bí Odò Ọya. Ní ọ̀pọ̀ àgbègbè rẹ̀, òjò tó ń rọ̀ láàrin ọdún kan gbáko kò ju nǹkan bíi mìlímítà 100 lọ, ọdún mìíràn sì wà tí òjò kì í rọ̀ rárá. Síbẹ̀, ẹni tó bá dé ẹsẹ̀ àwọn òkè Hajar yóò rí ìlú àtijọ́ pẹ̀lú mọ́sálásí, ọgbà igi dàbínù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé wọn tọ̀sán-tòru. Falaj ló gbé omi náà wá.

Kí ni falaj?

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí pípín nǹkan sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, aflaj ni à ń pè é. Falaj ni ojú ọ̀nà tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn gbẹ́ láti mú omi wá láti òkè sí abúlé láìlo ẹ̀rọ kankan. Bí ilẹ̀ ṣe dagun díẹ̀díẹ̀ ló ń mú kí omi máa ṣàn.

Nǹkan bíi 3,000 falaj ló ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ómánì. Ní ọdún 2006, àjọ UNESCO fi márùn-ún nínú wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé. Àwọn náà ni Falaj Daris ní ìlú Nizwa, Falaj Al-Khatmeen ní Birkat al-Mawz nítòsí Nizwa, Falaj Al-Malki ní Izki, Falaj Al-Muyassar ní Rustaq, àti Falaj Al-Jeela ní agbègbè Sur. Àwọn onímọ̀ sọ pé ètò tí à ń rí lónìí lè ti wà láti nǹkan bí ọdún 500 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, àmọ́ iṣẹ́ fífi omi rin oko ti wà ní ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Oríṣi mẹ́ta

Èkíní ni a ń pè ní Daudi. Òun ló gba iṣẹ́ jù. Wọn yóò gbẹ́ kànga kan ní ẹsẹ̀ òkè títí wọn yóò fi kan omi. Ìyá falaj ni wọ́n ń pe kànga yìí. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti la ihò lábẹ́ ilẹ̀ lọ sí abúlé, ó sì lè gùn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń gbẹ́ àwọn kànga kéékèèké tí òṣìṣẹ́ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti kó iyẹ̀pẹ̀ jáde, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbà wọlé. Ihò náà kò gbọdọ̀ dagun jù, kí omi má baà máa jẹ ilẹ̀ rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ tẹ́ jù, kí omi má baà dúró.

Èkejì ni Aini, èyí tó ń mú omi láti ojú ìsun tó ń tú jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Ghaili, tó ń gba omi tó wà lórí ilẹ̀ ní ipa odò. Èyí ni ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń tètè kọlù.

Bí ipa odò gbígbẹ bá dábùú ọ̀nà falaj, àgbàrá ọjọ́ òjò lè gbá a lọ. Nítorí náà, àwọn baba ńlá wọn kọ́ ọgbọ́n kan: wọ́n mú omi wọ inú kòtò lọ sísàlẹ̀, ó gba abẹ́ ipa odò kọjá, ó sì tún gòkè ní òdì kejì. Nítorí pé ẹnu ibi tó ti wọlẹ̀ ga díẹ̀ ju ibi tó ti ń jáde lọ, omi fúnra rẹ̀ ni yóò ti ara rẹ̀ sókè.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà láàrin àwọn ará Ómánì pé Ànábì Sùlàímọ̀nù ọmọ Dáúdà dé ilẹ̀ wọn, ó rí i bó ṣe gbẹ, ó sì pàṣẹ fún àwọn àlùjọ̀nnú kí wọ́n gbẹ́ aflaj. Ìtàn ará ìlú nìyí, kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀sìn, àmọ́ àwọn kan gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ Daudi ti wá.

Ta ni omi kọ́kọ́ kàn?

Bí omi bá yọ sí gbangba, ibi àkọ́kọ́ tó dé ni ojúde tí gbogbo ènìyàn ti ń pọn omi mímu. Olówó àti tálákà, onílé àti àlejò, kò sí ẹni tó ń sanwó níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mọ́sálásí fún àlùwàlá, lẹ́yìn náà ilé ìwẹ̀ ọkùnrin àti ti obìnrin, àti ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Ìgbà tí àìní ẹ̀dá ti tán ni omi tó kan oko.

Nínú oko náà, ètò wà. Igi dàbínù ló ṣáájú, nítorí pé igi tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin àlìkámà àti ewébẹ̀ sí wà ní ìsàlẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, ilẹ̀ yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní ọdún náà. Báyìí ni abúlé ṣe ń dín oko kù láìpa igi àjogúnbá.

Àkókò ni ìwọ̀n omi

Wọn kì í fi garawa wọn omi falaj. Àkókò ni wọ́n fi ń pín in. Ìṣẹ́jú 30 ni a ń pè ní athar kan. Athar 24 jẹ́ badda kan, èyí tí í ṣe wákàtí 12, tí badda méjì sì jẹ́ ọ̀sán àti òru. Bí a ṣe ń gba owó àjọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni omi náà ṣe ń yí ká láàrin àwọn olóko. Bí àkókò ẹnìkan bá tó, wọn yóò ṣí ojú omi sí oko rẹ̀. Bó bá parí, wọn yóò dí i, omi yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Kí aago tó dé, òjìji igi kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní gbangba ni wọ́n fi ń mọ àkókò lọ́sàn-án. Lóru, ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ìràwọ̀ kan bá yọ lórí òkè tí wọ́n ti mọ̀, omi ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Aago ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí.

Àwọn alámójútó àti ọjọ́ gbànjo

Ará abúlé fúnra wọn ló ń yan wakil, ẹni tó ń ṣe àkóso falaj. Àwọn falaj ńlá tún ní arif tó ń mójú tó àkókò pípín, akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé àti owó, àti ẹni tí ń ta omi ní gbànjo.

Gbànjo yìí jẹ́ ìpàdé pàtàkì láàrin ìlú. Falaj fúnra rẹ̀ ní ìpín omi tirẹ̀. Wọn yóò pe àwọn olóko jọ, wọn yóò sì yá ìpín náà fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù. Owó yẹn ni wọ́n fi ń tún ihò tó wó ṣe. Níbẹ̀ náà ni àwọn àgbà ti ń gbọ́ ẹjọ́ lórí omi. Ìpín mìíràn jẹ́ wakafi: èrè rẹ̀ jẹ́ ti mọ́sálásí tàbí ti ilé-kéwú. Ẹni tó ṣe wakafi náà lè ti kú láti ọ̀rúndún sẹ́yìn, síbẹ̀ sàrá rẹ̀ ṣì ń ṣàn.

Ìlànà yìí bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wa mu. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé àjùmọ̀ní ni omi, ó sì kọ̀ fún ẹni tó ní àṣẹ́kù omi láti fi du ẹlòmíràn. Nígbà tí Zubayr ọmọ Awwam àti ará Madinah kan ń jà sí omi oko, ìdájọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni òkè fi omi rin oko rẹ̀ tó, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹni ìsàlẹ̀. Uthman ọmọ Affan náà ra kànga Rumah, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí.

Ohun tó ń wu falaj léwu

Falaj kò lè gbà ju ohun tí ilẹ̀ bá fún un lọ. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀, omi falaj yóò dín kù, gbogbo abúlé yóò sì mọ̀ ọ́n lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kò rí bẹ́ẹ̀. Láti bí ọdún 1970 síwájú ni kànga ẹlẹ́rọ ti pọ̀ ní Ómánì. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga jíjìn nítòsí ìyá falaj lè fa omi gbogbo ìlú láìfi ẹsẹ̀ kan oko ẹnikẹ́ni. Kò jí nǹkan lójú ayé, àmọ́ ìpín àwọn ọmọ òrukàn àti ti mọ́sálásí ti wọ inú oko rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Iṣẹ́ wíwọ inú ihò láti kó ẹrẹ̀ jáde le, ó sì léwu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1988, òfin Sultan Qaboos sọ omi di ọrọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè, gbígbẹ́ kànga sì di ohun tó ń gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n tún mọ àwọn ìsédò, irú èyí tó wà ní Al-Khoud láti ọdún 1985. Ìsédò yìí ń dá àgbàrá dúró kó má ṣàn sínú òkun. Ẹrẹ̀ yóò sílẹ̀, omi tó mọ́ yóò sì máa wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní etí òkun, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu.

Àmọ́ òfin nìkan kò tó. Ohun tó mú falaj pẹ́ ni pé olúkúlùkù mọ ìgbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, ó sì ń dí ojú omi nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, kódà lóru tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ànábì wa ń fi ìwọ̀n mudd kan ṣe àlùwàlá, èyí tí kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì bù lọ. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní òye láti lo omi bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn wà ní ìsàlẹ̀ tó ń dúró de ìpín tirẹ̀. Àmín.