Ọjọ́ Wo Ni Ká Dá Gìtá Àtijọ́ Padà Sí?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni mo fi ń wo àtúnṣe gìtá oníná tó ti gbó. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àtúnṣe ni kí gìtá padà rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Èrò tèmi ni pé, nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ yẹn kọ́ ni ìtàn gìtá bẹ̀rẹ̀.

Ní 1949, Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Gìtá onígi tí gbogbo wa mọ̀ náà ni, máíkì kékeré ni wọ́n so mọ́ ọn lára. Ní 1950 ni Leo Fender ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gìtá oníná rẹ̀ tí kò ní ihò nínú jáde fún títà. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń tún gìtá ṣe bó ṣe wù wọ́n? Nígbà tí ohùn gìtá sì ròkè, ìlù ráyè pọ̀ sí i láìbo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí ni I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé tọ̀ dé ibi tí wọ́n dé.

Bí gìtá oníná ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Irin òòfà wà lábẹ́ okùn irin, wọ́n sì yí wáyà bàbà tó tín-ín-rín po ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá gbọ̀n, iná díẹ̀ á gba inú wáyà náà lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Bí wáyà bá já, gìtá yadi. Nílẹ̀ wa, ọyẹ́ a máa sún igi ọrùn rẹ̀ kì, òjò a sì máa mú un wú.

Àbúrò bàbá mi fi irú gìtá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Aràmọ̀kọ. Ó ti lù ú lóde ìnáwó dé Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n. Lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ ní 1986, ọjà òkè òkun di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ara gìtá náà fọ́, káfíńtà kan gé igi afárá dí i. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló fọwọ́ yí wáyà rẹ̀ tuntun. Alátùn-únṣe kan sọ fún mi pé kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, pé kì í ṣe ojúlówó.

Mi ò gbà. Ní 1958, igi afárá kan náà ni ilé iṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer, tí àwọn olówó ń wá kiri lónìí. Korina ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìlú Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tó gbẹ́ opó ààfin Aláayè, ni Ẹ̀fọ̀n. Igi kì í ṣe àjèjì sí ọwọ́ wa.

Ohun tó yẹ ni kí a ha ìpẹtà, kí a pààrọ̀ wáyà tó kú, kí a tọ́ ọrùn tó tẹ̀, nítorí gìtá tí kò dún, igi lásán ni. Ṣùgbọ́n kí a fi afárá náà sílẹ̀, kí a má ha ọ̀dà tó ti ṣá, kí a kó ohun tí a bá yọ pa mọ́ sínú àpò, kí a sì kọ ọjọ́ tí a yọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ eléré abúlé kò kọ ìwé ìtàn sílẹ̀ fún wa. Ojú àpá ara gìtá ni ìwé wọn. Ẹni tó bá ha á dànù ti ya ojú ewé kan nínú ìtàn Èkìtì.