Ọta Ìbọn Àwọn Ọdẹ Ìgalà Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1895, nígbà tí ẹ̀tù aláìléèéfín tí Paul Vieille, ọmọ Faransé, ṣe ní 1884 ti di ohun tí ayé ń wá kiri, ilé iṣẹ́ Winchester gbé ọta .30-30 jáde, ọta kékeré tí ó ń sáré ju ọta òjé ńláńlá àtijọ́ lọ, tí ó sì tó ìgalà inú igbó dídí í pa, níbi tí ẹran kì í sábà jìnnà ju 100 yáàdì lọ. Orí rẹ̀ kò mú, ó sì nídìí: inú ọ̀pá kan lábẹ́ ìbọn ni àwọn ọta ń tò sí, tí imú èyí tó wà lẹ́yìn ń kan ìdí èyí tó wà níwájú, níbi tí iná ti ń ràn, ẹni tó bá ki ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ̀ ọ́, jàǹbá ló ń fọwọ́ fà.

Ṣùgbọ́n ní pápá gbalasa ìwọ̀-oòrùn, tí ìgalà ń wo ọdẹ láti 300 yáàdì, afẹ́fẹ́ a máa tètè dá ọta olórí kúńdú lágara. Ọta ṣóńṣó .30-06 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà ní 1906, tí wọn kì í tò sínú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ni àwọn ọdẹ fi rí ọ̀nà gbà.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó pa ẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Ó dá mi lójú pé John Nosler, ọdẹ ọmọ Amẹ́ríkà, mọ ìṣẹ́ náà ní 1946, ní Kánádà, nígbà tí ọta rẹ̀ ń fọ́ sára ẹran moose, ìbátan ìgalà tó ga bí ẹṣin, tí kò wọlé. Ó fi ògiri bàbà pín inú ọta sí méjì: òjé iwájú ń là, ti ẹ̀yìn ń wọnú lọ, nítòsí àti lókèèrè. Ní 1948 ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á.